Mo fọ́máàtì laptop mi, update ò sì tán láti ìgbà náà: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n bá mi pa á ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlọrin ni mo wà, mò ń kọ project àṣekágbá mi lọ́wọ́. Laptop mi, UK-used ni, Core i5 ìran karùn-ún, RAM 4GB, hard disk 500GB, ó ti ń fà jù, ni mo bá gbé e fún ẹnjiníà kan, ó bá mi fọ́máàtì ẹ̀, ó fi Windows 10 sí i. Látìgbà tí mo ti gbé e délé, update ló ń ṣe. Dátà 10GB tí mo rà ti tán, mo tún ra òmíràn, ìyẹn náà ti ń lọ. Á dé 30%, á dúró síbẹ̀, wọ́n á mú iná lọ, bátìrì mi ò sì lágbára mọ́, tó bá tún tan á ní òun ń dá gbogbo ẹ̀ padà. Ẹnjiníà ní kí n gbé e wá kóun bá mi pa update ẹ̀ pátápátá. Ṣé kí n gbé e lọ?

Àbúrò mi, kú ìfaradà, kú ìnáwó dátà náà. Má gbé e lọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ẹ pa update yẹn pátápátá, màá sọ ìdí ẹ̀ fún ẹ. Update gan-an kọ́ ló ń fìyà jẹ ẹ́. Fláàṣì tí wọ́n fi bá ẹ ṣe Windows yẹn ló ti gbó, hard disk ẹ náà ò yára, iná sì ń lọ ń bọ̀ lé wọn lórí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló para pọ̀ di wàhálà tó ò ń rí yìí, a sì lè tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìná owó púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ká tó fọwọ́ kan nǹkankan, project ẹ dà? Tó bá jẹ́ inú laptop yẹn nìkan ló wà, dìde báyìí, fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí email ara ẹ, kó o kọ òmíràn sórí fláàṣì, kó o tún fi ọ̀kan sí Google Drive tí fóònù ẹ lè ṣí. Laptop tó ń kú sáàárín update lójoojúmọ́, kò yẹ kó jẹ́ òun nìkan ló di iṣẹ́ ẹ mú. Títí tá a fi máa ṣe tán, orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ ni kó o ti máa kọ ọ́.

Ó yá. Tẹ bọ́tìnì Windows mọ́ R lórí kíbọọ̀dù, kọ winver síbẹ̀, tẹ Enter. Nǹkan kékeré kan á yọ, á sọ version àti OS Build fún ẹ. Ọjọ́ orí Windows tí wọ́n fi sí i fún ẹ nìyẹn. Tó bá jẹ́ 1809, build 17763, ti ọdún 2018 ni. 1909 ni 18363, ọdún 2019 ló jáde. 2004 ni 19041, ọdún 2020 ni wọ́n gbé ìyẹn jáde o, má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn tàn ẹ́. 22H2, build 19045, tó jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2022, òun ló kẹ́yìn nínú Windows 10, kò sí òmíràn lẹ́yìn ẹ̀. Pẹ̀lú bó o ṣe ṣàlàyé ẹ̀, tí 10GB ti lọ tí ò tíì débì kan, èmi rò pé 1809 tàbí èyí tó tún gbó jù ú lọ lo máa bá níbẹ̀.

Windows 10 jáde ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2015, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni Microsoft fi ń gbé version tuntun jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, yàtọ̀ sí àtúnṣe tó ń jáde ní Tuesday kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe fláàṣì wọn, ó ṣiṣẹ́, wọ́n fi sápò, òun náà ni wọ́n ń kì bọ laptop gbogbo oníbàárà látìgbà yẹn. Gbogbo laptop tí wọ́n bá ti fọ́máàtì ló ń padà sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe fláàṣì náà. Ńṣe ló dà bí ẹni tó lọ sí ìrìn àjò láti ọdún 2018 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú, gbogbo ẹni tó kú, gbogbo ẹni tó bímọ, gbogbo ilé tó wó, wọ́n fẹ́ rò ó fún un tán lálẹ́ ọjọ́ kan.

Nígbà míì Windows Update á kọ́kọ́ fa àtúnṣe tó jẹ́ ti version àtijọ́ yẹn wọlé, á fi sí i, á restart, ẹ̀yìn ìyẹn ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ rí 22H2, èyí kì í sì í ṣe àtúnṣe lásán, odindi Windows mìíràn ni, ọ̀pọ̀ GB, tó bá wọlé tán á gba ipò ti àtijọ́, àtúnṣe tó o fi dátà gbà lánàá ti di òfo nìyẹn. 22H2 náà tún ní àtúnṣe tiẹ̀ tó lè lé ní 600MB, .NET tí àwọn app ń lò ní tiẹ̀, Defender tó ń lé fáírọ́ọ̀sì ní tiẹ̀, driver, ìyẹn ètò tí Windows fi ń lo ẹ̀rọ, ti network àti ti graphics ń wọlé, Microsoft Store náà ò dúró, ó ń ṣe update fún àwọn app tí ìwọ ò ṣí rí. Orí hotspot fóònù ni gbogbo ẹ̀ ń gbà wọlé o. Tí iná bá lọ nígbà tí download ń lọ lọ́wọ́, kò burú púpọ̀, ó sábà máa ń tẹ̀ síwájú láti ibi tó dé. Àmọ́ tí iná bá lọ nígbà tó ń fi í sára Windows, kò ní fi ara ẹ̀ sílẹ̀ ní ìdajì, á dá gbogbo ẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ohun tó ń ṣe nìyẹn tó o bá rí Undoing changes, lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo mọ̀ pé ó ń bí ẹ nínú, ṣùgbọ́n ìyẹn ni ò jẹ́ kí laptop náà kọ̀ láti tan.

Ìyà yìí ti wà tipẹ́. Àwọn tó lo Windows 7 dáadáa á rántí. CD tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ti Service Pack 1, àkópọ̀ àtúnṣe ńlá kan tó jáde lóṣù kejì ọdún 2011, tó bá wá di 2015, 2016, tó o bá fi CD yẹn ṣe Windows tuntun, wíwá update nìkan lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó fa ẹyọ kan wọlé, svchost, ètò abẹ́lẹ̀ Windows kan, á máa jẹ CPU, fáànù á máa pariwo. Ìṣirò ló ń ṣe nígbà yẹn, èwo nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún update ló ti gba ipò èwo, bí update sì ṣe ń pọ̀ sí i ni ìṣirò náà ń le sí i. Oṣù karùn-ún ọdún 2016 ni Microsoft tó kó èyí tó pọ̀ jù nínú àtúnṣe látìgbà Service Pack 1 pọ̀ sí ẹyọ kan, KB3125574, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún yẹn wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní àkópọ̀ lóṣooṣù. Windows 10 ti ń ṣe àkópọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, èyí tó jáde lóṣù yìí ti kó ti oṣù tó kọjá mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kò yẹ kí ìyà yìí ṣì máa jẹ ẹnikẹ́ni, tí fláàṣì bá ti jẹ́ tuntun, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa kù.

Ọ̀rọ̀ hard disk ni mo fẹ́ kó o tẹ́tí sí dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bínú sí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣe tiẹ̀ tán. Update tó bá ti wọlé kì í ṣe fáìlì ńlá kan tí wọ́n kàn máa gbé kalẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló wà nínú ẹ̀, Windows á tú wọn, á yẹ̀ wọ́n wò bóyá Microsoft ló fọwọ́ sí wọn lóòótọ́, á tò wọ́n sínú fódà kan tó ń jẹ́ WinSxS, á wá so wọ́n mọ́ System32. Irú iṣẹ́ tó fọ́n káàkiri báyìí ni hard disk tó ń yí ò lè ṣe kíákíá, apá inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ sún láti ibí dé ọ̀hún fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bíi ọgọ́rùn-ún irú ẹ̀ ló lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, SSD olówó pọ́ọ́kú, irú disk tí nǹkan kan ò yí nínú ẹ̀, ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún. RAM 4GB tún ń kún kíá, tó bá kún Windows á tún máa fi hard disk kan náà yẹn ṣe RAM. Tó o bá ṣí Task Manager wàá rí Disk ní 100%, TiWorker ń ṣe update, Antimalware Service Executable ń yẹ gbogbo fáìlì wò torí Windows tuntun ni, SearchIndexer náà ń to ìwé tiẹ̀, gbogbo wọn ń du apá kan ṣoṣo. Bí ọjọ́ kìíní lẹ́yìn fọ́máàtì ṣe máa ń rí nìyẹn, ẹ̀rọ náà ò bà jẹ́. Má ṣí Chrome sí i lórí, má ṣí Word, jẹ́ kó parí.

Ní ti 30% yẹn, nọ́ńbà yẹn kì í ṣe aago. Ó lè dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́ kó tó fò lẹ́ẹ̀kan náà. Iná kékeré tó jẹ́ ti hard disk lára laptop ni kó o máa wò, tó bá ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ń lọ, má fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ pé wákàtí púpọ̀ ti kọjá tí iná yẹn ò ṣẹ́jú rárá, ìgbà yẹn lo lè tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ kó kú, kó o tún un tan.

Microsoft fúnra wọn sọ ọ́ lóṣù kìíní ọdún 2022 pé kọ̀ǹpútà nílò ó kéré tán wákàtí méjì tó máa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìdúró, àti wákàtí mẹ́fà lápapọ̀ lẹ́yìn tí update bá jáde, kí update náà tó lè wọlé bó ṣe yẹ. Wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, kó o wá fi wé iná tiwa. Ẹni tó wà lórí Band A tó ń rí iná ogún wákàtí lóòjọ́ lè má mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwọ tí bátìrì ẹ ti kú, wákàtí méjì tó gún régé lo gbọ́dọ̀ wá, ì báà jẹ́ ọ́fíìsì ẹnì kan tó ní inverter, ì báà jẹ́ ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n máa tan jẹnẹrétọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe rèé. Kọ́kọ́ dá ìnáwó dúró. Lọ sí Settings, Network & Internet, tẹ Wi-Fi tó ò ń lò, tan Set as metered connection, ìyẹn ni pé dátà tó níye ni. Windows ò mọ̀ pé hotspot fóònù lò ń lò, Wi-Fi ni gbogbo ẹ̀ lójú tiẹ̀, ìwọ lo máa sọ fún un. Tó o bá ti ṣe ìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú update ò ní fa ara ẹ̀ wọlé mọ́ àfi tó o bá ní kó wá. Pause updates tún wà nínú Windows Update tí version ẹ bá ní in, ó lè dé ọjọ́ 35, o lè fi ìyẹn gbéjú mọ́ project. Ká dá update dúró fún ìgbà díẹ̀ yàtọ̀ sí ká pa á pátápátá o.

Lẹ́yìn náà wá ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀, Wi-Fi ọ́fíìsì, ti ilé ìwé, tàbí dátà òru. Ṣí ojú ìwé tí Microsoft ti ń fún èèyàn ní Windows 10. Tó o bá fi kọ̀ǹpútà oní-Windows ṣí i, Media Creation Tool ni wọ́n á fún ẹ, ètò kékeré tó máa bá ẹ fa ISO wọlé, ìyẹn fáìlì kan tó kó odindi Windows sínú, tó o bá fi fóònù ṣí i, ISO fúnra ẹ̀ ni, yan 64-bit, bíi 6GB ni. 6GB pọ̀, mo mọ̀, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ni, gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ wà ní hostel lè lò ó. Nǹkan méjì ló máa ń dá èèyàn padà níbí. Fláàṣì tí wọ́n bá fọ́máàtì ní irú tó ń jẹ́ FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó ju 4GB lọ, á kọ̀ ọ́ bó tilẹ̀ ṣófo, torí náà fọ́máàtì ẹ̀ sí exFAT tàbí NTFS kó o tó kọ ISO sí i. Èkejì ni èdè. English àti English International tí wọ́n ní kó o yàn níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, tí èyí tó o mú ò bá bá ti orí laptop mu, kò ní jẹ́ kó o tọ́jú app ẹ. Ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, kọ dism /online /get-intl, wo Default system UI language, tó bá jẹ́ en-US, English lásán ni kó o mú, tó bá jẹ́ en-GB, International ni.

Gbé ISO náà sórí laptop, rí i pé àyè bíi 20GB ṣì wà lórí C, ki wáyà bọ iná, pa Wi-Fi, tẹ ISO yẹn lẹ́ẹ̀mejì, á ṣí bíi CD, tẹ setup. Wàá rí ibì kan tó kọ Change how Setup downloads updates, tẹ ẹ́, kó o yan Not right now, ibẹ̀ yẹn ni dátà ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà lọ láìmọ̀. Yan Keep personal files and apps. Kò ní pa fáìlì ẹ rẹ́. Jẹ́ kó ṣe é, á restart lọ́pọ̀ ìgbà, tó bá ṣe tán winver á kọ 19045. Tó bá sì jẹ́ 2004 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e ni laptop ẹ wà tẹ́lẹ̀, má wulẹ̀ wá ISO kankan, inú kan náà ni wọ́n ní pẹ̀lú 22H2, fáìlì kékeré kan ni Windows Update máa mú wá láti fi ṣí i, tó o bá ti ṣe àtúnṣe oṣooṣù.

Ẹyọ àtúnṣe ńlá kan ló kù lẹ́yìn ìyẹn. Ìyẹn náà, o lè lọ sí Microsoft Update Catalog láti ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀, wá KB5066791, mú ti 22H2 tó jẹ́ x64, fáìlì msu ni, fi fláàṣì gbé e wálé, tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ló jáde, ọjọ́ yẹn náà ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró. Ìran karùn-ún ni Core i5 ẹ, Windows 11 ò sì tẹ́wọ́ gba ìran yẹn, torí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi túláàsì fi sí i fún ẹ. Ètò ESU wà tó ń mú àtúnṣe ààbò wá títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026, 22H2 nìkan ló ń gbà, o nílò account Microsoft, tó o bá sì gbà kí Windows Backup máa tọ́jú settings ẹ, kò ní ná ẹ lówó. Tí wọ́n bá ń ṣe update púpọ̀ ní yàrá yín, Delivery Optimization wà nínú Windows Update, tan Allow downloads from other PCs, kó o yan PCs on my local network nìkan, tí laptop yín bá wà lórí hotspot kan náà, èyí tó bá kọ́kọ́ gba update lè fún èkejì. Má yan ti internet, torí ìyẹn á máa fi dátà ẹ pín update fún àwọn tó ò mọ̀.

Ní ti pípa update pátápátá tí ẹnjiníà sọ: àwọn kan tiẹ̀ ń fi Windows tí wọ́n ti gé update kúrò nínú ẹ̀ bá èèyàn ṣe é, kí oníbàárà má bàa padà wá ráhùn. Ó máa ń dùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe é. Ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2017 ni Microsoft gbé àtúnṣe MS17-010 jáde, ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ni fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ WannaCry bẹ̀rẹ̀, bíi oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀, ó wọ kọ̀ǹpútà tó ju 200,000 lọ ní bí orílẹ̀-èdè 150, ó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó ń béèrè owó. NHS, ètò ìlera ìjọba ní Ìlú Ọba, fagi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpàdé àwọn aláìsàn pẹ̀lú dókítà torí ẹ̀. Àtúnṣe tí ò bá jẹ́ kó wọlé ti wà nílẹ̀ fún bíi oṣù méjì gbáko. Mi ò fẹ́ kí irú ẹ̀ bá project ẹ.

Tówó bá jáde lọ́wọ́ ẹ lẹ́yìn project, SSD 2.5 inch, 240GB tó o bá rí, ni kó o kọ́kọ́ rà, kó o tó ra RAM, kó o tó ra bátìrì gan-an. Kò tún sí ohun kan tó máa yí laptop yẹn padà tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó o bá gbé Windows tí update ẹ̀ ti pé sórí ẹ̀, fi Clonezilla, ètò kan tó ń da odindi disk kọ, ya àwòrán gbogbo ẹ̀ (image, ẹ̀dà disk náà bó ṣe wà) sórí external drive ẹnì kan, kó lè jẹ́ pé tí nǹkan bá bà jẹ́ lọ́jọ́ iwájú, àwòrán yẹn lo máa dá padà, o ò ní bẹ̀rẹ̀ látorí fláàṣì ẹnikẹ́ni mọ́.

Tí winver ẹ bá kọ nọ́ńbà tí mi ò dárúkọ lókè yìí, má tíì ṣe nǹkankan, kọ version àti build náà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú iye àyè tó kù lórí C, màá sọ ọ̀nà tó o máa gbà fún ẹ.